Àwọn Tí Kóòṣì Fi Pamọ́

Bí ẹni tó ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò kò bá fẹ́ràn ohun tó rí, eré ìdárayá kọ́lẹ́jì wa kékeré parí nìyẹn. Ni kóòṣì bá kó gbogbo àwọn tí kò mọ bọ́ọ̀lù í gbá pamọ́ sílé ìdáná: alásè, àti olùkọ́ ìṣirò wa arúgbó, tí a ń pè ní Bàbá Ìgbín nítorí eré sísá rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ayò nìkan ló kù lórí pápá.

Ìyá aláyẹ̀wò wò wọ́n, ó mi orí.

"Kóòṣì, àwọn wọ̀nyí mọ̀ ọ́n gbá. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n gbá dà? Torí tiwọn la ṣe dá eré yìí sílẹ̀. Bí wọn ò bá sí, ká fòpin sí i."

Kóòṣì yíjú wo ilé ìdáná. Àfi gbàgà! Ariwo ta nílé ìdáná.

"Góòlù! Ìgbín ti fò o!"

Ìyá ṣílẹ̀kùn. Bàbá ti gbá bọ́ọ̀lù sínú ìkòkò ńlá, alásè sì ń jó yí i ká.

"Ẹ má bínú, mà," ni kóòṣì ń bẹ̀.

"Bínú kẹ̀? Ta ni aṣọ́lé?"

"Ìkòkò ò ní aṣọ́lé, mà," ni alásè dáhùn.

Ìyá bọ́ bàtà.

"Ó ti ní báyìí. Kóòṣì, eré yín dúró digbí. Bàbá, ẹ gbá a wá, bí ẹ bá tó bẹ́ẹ̀!"