Tùràrí Tí Ìbíkẹ́ Dà Síta

Ìbíkẹ́ jọ ìyẹ̀fun náà lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó kúnná dáadáa. Epo wà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tùràrí nìkan ló kù.

Ọjọ́ ìkórè àkọ́kọ́ ni lónìí nínú ìjọ tuntun tó wà ní Atikori. Simeon, olùkọ́ ìjọ náà, ti ṣàlàyé fún wọn bí àwọn Hébérù ìgbàanì ṣe ń mú ọrẹ wá síwájú Ọlọ́run: ìyẹ̀fun kíkúnná, òróró lórí rẹ̀, àti tùràrí. Bó ṣe dárúkọ tùràrí báyìí, àyà Ìbíkẹ́ já.

Ìdí ni pé ó ti da tùràrí nù rí. Nígbà tí bàbá wọn kú, kété lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n tí òyìnbó fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, Fàsásì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti di ìmàle, gbé àwo irin tó ń rú èéfín tùràrí wọlé kí òórùn rere lè wà lọ́dọ̀ òkú. Ìbíkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbàgbọ́ nígbà náà, ìtara rẹ̀ sì ju ti olùkọ́ lọ. Ó já àwo náà gbà, ó sọ ọ́ sójúde. "Òórùn ìmàle kò níí wọ ilé bàbá mi!" Fàsásì he àwo rẹ̀, ó gba àdúgbò Ilaporu lọ, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà. Àṣé Ọlọ́run tí Ìbíkẹ́ ń gbèjà ti ń gbọ́ òórùn yẹn kí ìmàle kankan tó mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú!

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, kì í ṣe ọrẹ ìkórè nìkan ló lé obìnrin yìí jáde láàárọ̀ kùtù. Àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ó fẹ́ kí Fàsásì tún jókòó nílé bàbá wọn, kó tó di pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì náà di ẹni à ń sin. Ó so adìyẹ kan lẹ́sẹ̀, ó gbé e dání, ó kọrí sí Ilaporu.

Fàsásì ń to tẹ̀sùbáà sórí ẹní níwájú ìsọ̀ rẹ̀.

"Ìbíkẹ́. Kí wo wá ṣe?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, tùràrí ni mo wá tọrọ."

"Òórùn ìmàle? Kí wo fẹ́ fi ṣe?"

"Ọrẹ ni. Wọ́n ní àlùfáà àwọn Hébérù á bu ìkúnwọ́ kan nínú ìyẹ̀fun sínú iná, á jẹ ìyókù. Ṣùgbọ́n tùràrí, iná ló ń gba gbogbo rẹ̀. Àlùfáà ò ní ìpín níbẹ̀, ẹni tó mú un wá náà ò ní."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Fàsásì dìde. Ó wọlé, ó sì gbé tùràrí tó fi ewé dì jáde, pẹ̀lú àwo irin kan. Etí àwo náà ti tẹ̀. Ìbíkẹ́ mọ ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, ojú sì tì í gidigidi. Ó na adìyẹ sí i, ṣùgbọ́n Fàsásì mi orí.

"Bí àlùfáà ò bá jẹ níbẹ̀, èmi náà ò níí jẹ. Àwo mi nìkan ni n óò wá gbà nílé lẹ́yìn ìrun alásárì. Ìta ni n óò dúró sí."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Simeon gba ìyẹ̀fun, ó gba epo. Nígbà tí òórùn inú ewé kàn án nímú, ó dá ọwọ́ dúró.

"Arábìnrin Hannah," orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ló fi pè é, "àwa kì í sun tùràrí. Tẹ́ńpìlì àwọn Hébérù ni wọ́n ti ń sun ún. Àdúrà ló dípò rẹ̀ fún wa. Ẹ fi èyí sínú àpótí aṣọ yín kó máa ta sánsán."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọkàn Ìbíkẹ́ bàjẹ́. Ìrìn àárọ̀ yẹn, ìkúnlẹ̀ yẹn, ṣé asán ni gbogbo rẹ̀ já sí? Kó wá kó ohun tó jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan sáàárín aṣọ? Kò lè ṣe é.

Nígbà tó délé, ó wọ yàrá tí wọ́n sin bàbá wọn sí. Ó kó ẹyin iná sínú àwo tó tẹ̀ létí náà, ó sì da tùràrí sí i, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Èéfín gòkè, ó kún yàrá, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde sójúde níbi tó sọ àwo náà sí lọ́jọ́sí.

Ẹnìkan húkọ́ lábẹ́ òòdẹ̀.

"Mo wá gba àwo mi," Fàsásì ní.

Ìbíkẹ́ sún lórí ẹní. "Ó ṣì gbóná, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wọlé wá dúró dè é."

Fàsásì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fa òórùn náà símú, ó wo ilẹ̀ tí bàbá wọn sùn sí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó tẹ orí ba, ó wọlé, ó sì jókòó.

Iná kú díẹ̀díẹ̀, eérú nìkan ló kù, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ nínú rẹ̀. Ìbíkẹ́ fọwọ́ kan etí àwo náà, ó ti tutù tipẹ́. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rí i pé òun náà mọ̀, síbẹ̀ kò dìde.

"Ìbíkẹ́," Fàsásì ní, "adìyẹ àárọ̀ yẹn ńkọ́?"