Ibi Tí Èjì Wà

Olùkọ́ fásitì ni obìnrin náà, “Ọ̀mọ̀wé” sì ni bàbá rẹ̀ máa ń pè é láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà ìṣirò ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi fẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé tí òun ń kọ lórí ohun tí nọ́ńbà jẹ́. Wọ́n jọ ń ta dráfù ní pálọ̀.

“Bàbá, èjì kì í ṣe nǹkan kan. Ààyè ni. Ohun tó bá tẹ̀lé ení, tó ṣáájú ẹ̀ta, òun lèjì.”

“Ta ló wá ń gbé ààyè náà?”

“Kò sẹ́nì kankan, sà. Ààyè yẹn gan-an lèjì.”

Bàbá pòṣé. “Òfìfo ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn?”

Orí obìnrin náà gbóná. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ náà ṣe ń ṣe nìyẹn: wọn á mi orí bí alángbá, kò ní yé wọn. Ó mú ọmọ dráfù tirẹ̀ kan kúrò, ó gbé ìdérí ìgò síbẹ̀.

“Ó yá, ẹ ta.”

Bàbá ta, ó jẹ ìdérí ìgò náà.

“Ẹ ò rí i! Ohun tí wọ́n fi ṣe é kọ́ ló ṣe pàtàkì, ibi tó wà àti bó ṣe ń rìn ni.”

Bàbá ń yí ìdérí náà lọ́wọ́. “Ó yé mi wàyí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú, ìwọ lo di àgbà ọmọ nílé yìí. Ìwọ là ń fọ̀rọ̀ lọ̀. Ààyè ò ṣófo. Ṣé kí n lọ sọ fún ìyá rẹ pé kò sẹ́ni tó kú?”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà! Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ni mò ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèyàn. Ẹnikẹ́ni ò bí èjì lọ́mọ.”

“Èmi bí i. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọ ni mo ní méjì.”

Obìnrin náà dìde. Ó gbé báàgì, ó bínú jáde. Nínú mọ́tò, èsì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí omi, gbogbo rẹ̀ ló sì bọ́gbọ́n mu. Kò kàn sí èyí tó ṣeé sọ fún bàbá tó sin ọmọ.

Ó kọ ìwé náà tán, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sílé. Bàbá pè é.

“Mo ti kà á. Iṣẹ́ gidi ni. Kò sí ibi tó ti jò.”

“Ẹ ṣeun, sà. Ẹ wá gbà báyìí?”

“Rárá o.”