Ìdọ̀bálẹ̀ Níbi Tí Ilẹ̀ Ò Sí

Kò, kò, kò. Bàtà Adéagbo nìyẹn lójú ọ̀nà kíláàsì, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ló ṣì ń gbọ́ dòní: ẹ̀rín ọgọ́ta ọmọ tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ di agogo mú. Látìgbà tó ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe tíṣà ní Minna, títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sí ọmọ tó bá a rẹ́rìn-ín rí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n, òun náà sì pe ẹ̀rù yẹn ní ọ̀wọ̀.

Lónìí, ẹ̀rín ni wọ́n ní kó wá rín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Husnah ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ eré náà, òun ló tún ń darí rẹ̀: eré tẹlifíṣọ̀n nípa ọkọ̀ kan tó ń rìn láàárín ìràwọ̀. Ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán ní àdúgbò Barkin Sale ni wọ́n sọ di inú ọkọ̀. Páálí tí wọ́n fi bébà dídán bò ni ògiri. Adéagbo ni ọ̀gá ọkọ̀. Nínú ìran yìí, ẹ̀rọ ti kú sójú òfurufú, jìnnìjìnnì bá gbogbo wọn, ni makáníìkì bá dá àpárá kan tí kò dùn rárá, tí wọ́n sì jọ bú sẹ́rìn-ín.

"Ha. Ha. Ha," ni Adéagbo wí.

"Kai, Bàbá! Ẹ ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì."

Ìgbà keje rèé. Eyín funfun ni iyì ẹ̀rín. Eyín tirẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rín ń gbà jáde ti dípẹtà. Ó sì mọ ohun tó wà ńlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti wí fún Husnah pé ọ̀gá ọkọ̀ yìí le bí igi. Bí ìran ẹ̀rín ò bá dáa lónìí, kó wá ẹlòmíì. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, eré yìí nìkan ló ń mú un wẹ̀ láàárọ̀ kó sì jáde nílé.

"Tóò," Husnah mí kanlẹ̀. "Abdulbasit, léfòó wọlé. Kí ọ̀gá, kí o dá àpárá rẹ."

Abdulbasit ni makáníìkì. Okùn tó gba orí igi àjà ló gbé e rọ̀, kó lè dà bí ẹni tí ohunkóhun ò fà wálẹ̀. Ẹnìtàn, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ eré náà, di ìdí okùn mú. Bàbá Abdulbasit jẹ pàṣán Adéagbo rí, ó sì ti kìlọ̀ fún un láti kékeré: a kì í dúró kí Tíṣà.

Ó léfòó wọlé. Ó rí ojú Adéagbo. "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ló wí, ló bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Orí lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lọ sókè. Bàtà kan fò, ó gbá fìlà ọ̀gá ọkọ̀ dànù. Abdulbasit dorí kodò bí àdán, ojú rẹ̀ kan ojú Adéagbo.

Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ lọ.

"Wallahi, ẹ má bínú, sà. Ilẹ̀ ni mò ń wá."

Adéagbo wò ó. "Dìde, ọmọ mi," ló wí jẹ́jẹ́.

"Apá ibo ni kí n dìde sí, sà?"

Ni Adéagbo bá bú sẹ́rìn-ín. Ó di ikùn mú, ó jókòó sílẹ̀ bẹẹrẹ nínú aṣọ ọ̀gá ọkọ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Husnah ki etí ìbòrí bọ ẹnu. Ẹnìtàn rẹ́rìn-ín títí okùn fi yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Abdulbasit já lu fóòmù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, gbì!

"Alhamdulillah, mo ti rílẹ̀!" Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ẹ̀rín tún dé, ó mi páálí ògiri.

"A ti rí i!" Husnah ń fò sókè. "Bàbá, a ti rí i!"

Nígbà tí Adéagbo délé ní Tunga, àtẹ̀jíṣẹ́ Husnah ti ń dúró dè é, òun àti fídíò ìran ẹ̀rín náà. "Bàbá, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní ẹ̀yin lọ̀gá ọkọ̀, kò sẹ́lòmíì. Ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ ti jókòó sílẹ̀, tẹ́ ẹ̀ ń sunkún ẹ̀rín, ṣé kí n gé e? Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì máa rí i o, àtàwọn tẹ́ ẹ kọ́ níwèé."

Ó wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tẹjú mọ́ bàbá arúgbó inú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án. Ó kọ "Gé e", ó pa á rẹ́. Ó kọ "Bó bá ṣe wù ọ́", ó pa ìyẹn náà rẹ́. Níkẹyìn, ó fi èyí ránṣẹ́:

"Má gé e, Husnah. Jẹ́ kí wọ́n rí mi."