Ojú Inúmidùn Lórí Móníítọ̀ Tuntun

Ọkọ mi, Babájídé, rò pé inú mi yóò dùn ni. Ó gbé páálí pẹlẹbẹ kan wọlé, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ṣìkẹ́mi, wá wo móníítọ̀ tuntun tí mo rà sí ṣọ́ọ̀bù." Àwa la ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé ní Ìtọ̀rò, n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ó sì ti sú u bí wọ́n ṣe ń fi móníítọ̀ wa ẹlẹ́yìn gbàngbà ṣẹ̀fẹ̀.

Kí wọ́n máa ṣẹ̀fẹ̀ wọn lọ. Orí móníítọ̀ yẹn ni ọmọ mi wà. Láti ìgbà tí ibà ti mú Inúmidùn lọ, fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún wa ló máa ń kọ́kọ́ yọ tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ a kún gbogbo ibẹ̀, ẹ̀jí rẹ̀ a hàn kedere. Láràárọ̀, kí oníbàárà tó dé, etí ìró mi ni mo fi ń nu eruku kúrò lójú rẹ̀. "O jí ire bí, ọmọ mi?" Bí mo ṣe máa ń nù ún kó tó lọ síléèwé náà nìyẹn.

Ọ̀rẹ́olúwa, tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe, so tuntun náà mọ́ ọn, ó tàn án. Ọmọ mi wà láàárín gbùngbùn, ó kéré bí àtẹ́lẹwọ́, òkùnkùn yí i ká.

"Fẹ̀ ẹ́," ni mo wí.

Ó fẹ̀ ẹ́. Ojú ọmọ mi fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ̀jí rẹ̀ di àbàwọ́n dúdú kan. Ó jọ Inúmidùn, kì í sì í ṣe Inúmidùn.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì," Ọ̀rẹ́olúwa ní. "Àmì wínníwínní ni wọ́n tò jọ di àwòrán. Ti àtijọ́ ò gba púpọ̀. Tuntun yìí gbà jù ú lọ fíìfíì, èyí tó wà nínú fọ́tò yìí ò lè kún un. Ńlá rẹ̀ dà, èyí tí kámẹ́rà yà gan-an?"

Babájídé wá àga jókòó. Ó ní fọ́tò náà tóbi ju ojú móníítọ̀ lọ nígbà yẹn, imú àti ẹnu ọmọ nìkan là ń rí, lòun bá dín in kù kó lè wọ̀ ọ́, tóun sì pa ńlá rẹ̀ rẹ́ kó má baà gbàyè. "Ojú wa ò rí ìyàtọ̀ kankan nígbà náà, Ṣìkẹ́mi."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pariwo lé e lórí kí gbogbo Ìtọ̀rò gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni mo bí ọmọ náà.

"Ẹ lọ gbé ti àtijọ́ wá fún mi."

Wọ́n gbé e wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ó pẹ́ kó tó tàn. Nígbà tó tàn, ọmọ mi yọ, tòun ti ẹ̀jí rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí àwòrán náà ti ń ṣú.

Ọ̀rẹ́olúwa rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ti gbó, Mọ́mì. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ṣú títí a ò fi ní rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i."

Bí dókítà ṣe rẹ ohùn sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́sí nìyẹn. Mo fa etí ìró mi, mo nu ojú ọmọ mi, mo sì jókòó tì í.