Apá Ọrun Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Tú Sílẹ̀

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ìwé ni mò ń rán. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Bí wọ́n bá ti tẹ ìwé tán, tí wọ́n ká a ní ìdì ìdì, èmi ni mo máa ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú so ó pọ̀ kí wọ́n tó lẹ èèpo mọ́ ọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa òwú gba ara ìda, mo ki abẹ́rẹ́ bọ ojú ihò, ni fóònù mi bá dún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Kì í pè mí lẹ́nu iṣẹ́.

"Ọkọ mi," ó ní, "ṣé ẹ wà lórí ìjókòó?"

"Mo wà lórí ìjókòó."

"Ẹ má dìde o, Akọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n yín jí, ó wẹ̀, ó ní kí n po tíì fún òun. Kí n tó gbé e dé, ó ti lọ."

Akọ̀wé ló máa ń pè mí, nítorí mo wà nílé nígbà tí wọ́n gbé e wọlé ọkọ, kò sì ní í dárúkọ mi. Mo bi í pé níbo ni ẹ̀gbọ́n mi lọ. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú fóònù, ó ń lọ ó ń bọ̀, àfìgbà tó yé mi.

Obìnrin tí a jọ ń jókòó nídìí tábìlì náà ò bèèrè ohunkóhun. Ó rọra yọ abẹ́rẹ́ kúrò lọ́wọ́ mi, ó fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì ń rán an lọ. Nígbà tí mo fi máa wọ bàtà mi tán, ó ti parí ìwé tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ di òní.

Iṣẹ́ wáyà ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe, òun ló ń fi iná sínú ilé onílé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, tafàtafà ni, èmi náà sì ni. Ẹgbẹ́ wa ní pápá kan lẹ́yìn ilé ìwé, àti yàrá kan fún ìtí koríko àti bébà àmì tí a ń tafà sí. Igi-Kan ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. Ọrun tí a gbẹ́ láti ara igi kan ṣoṣo ló ń lò, èyí tó jẹ́ ọ̀kan náà láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, kò sì gbà pé òmíràn tún wà.

Òmíràn wà. Ọrun atúpalẹ̀ wà, tí ìdìmú rẹ̀ dá dúró láàárín, tí apá rẹ̀ méjèèjì dá dúró, tí a ó fi irin bóòtì tí a ń yí dè wọ́n mọ́ra bí a bá fẹ́ ta á. Àwọn tó ń ṣe irú ọrun bẹ́ẹ̀ ti wá fẹnu kò sí ìwọ̀n kan, débi pé apá tí ẹnì kan ṣe á wọ inú ìdìmú tí ẹlòmíràn ṣe. Bí apá bá le jù fún ọ, o yọ ọ́, o fi èyí tó rọ̀ sí i. Bí ara rẹ bá le sí i, o tún pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa ju ọ̀rọ̀ òṣèlú lọ. Kápẹ́ńtà, àgbà kan nínú ẹgbẹ́ tó ń kan àga, ní ohun tó bá gbogbo ènìyàn mu kì í ṣe ti ẹnì kankan. Àwọn kan ní dídún ọsán ọrun onígi-kan máa ń wọ àwọn lára, ti oníbóòtì ò sì yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn tó ń han. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló burú jù.

"Ọrun tí èèyàn lè tú palẹ̀ bí ibùsùn, ibùsùn ni," ó máa ń wí. "Ẹ gbé e wọlé, ẹ lọ sùn lé e."

Lẹ́yìn náà ni mo já bọ́ láti orí àkàsọ̀ ní yàrá tí a ń kó bébà sí níbi iṣẹ́, èjìká mi sì yẹ̀. Wọ́n tò ó padà. Dókítà ní kí n máa dúpẹ́ pé mo lè ya irun mi, kí n gbàgbé ọrun. Mo ti ọrun mi sábẹ́ ibùsùn. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń fọ aṣọ tí kò dọ̀tí.

Èjìká mi ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé tó mi wá lọ́jọ́ kan, ó gbé àpò kan dání. Ó tú u sórí tábìlì. Ìdìmú méjì ló bọ́ síta, àti apá ọrun mẹ́rin, méjì fún ìdìmú kọ̀ọ̀kan, àti kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń yí bóòtì. Mo wò ó, mo wo ohun tó kó wá.

"Ibùsùn lo rà yìí," mo ní.

"Ibùsùn ni," ó ní. "Èyí tó rọ̀ jù ni tìrẹ. Èyí tó tẹ̀ lé e ni tèmi. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ bá ti rọrùn fún ọ, màá fún ọ ní tèmi, màá ra èyí tó le jù ú lọ."

"Ọrun rẹ tó le ńkọ́? O lè máa lo ìyẹn lọ."

"Kí ìwọ nìkan máa ta ọrun ọmọdé lójú wọn? Rárá o."

Ó ti ṣe irú rẹ̀ fún mi rí. Nígbà tí a wà ní ilé ìwé míṣọ́n, aṣọ tó bá ti kéré jù fún un, èmi ló kàn. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo wọ súẹ́tà rẹ̀, mo gbé báàgì rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ọkùnrin ni mí. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń wọ aṣọ yàtọ̀ sí ti ọmọkùnrin mìíràn. Kì í gun igi nínú rẹ̀. Kì í fi orúnkún lélẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní òun ò fẹ́ kó ya kó tó kàn mí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lo àwọn apá ọrun náà. Yóò ta wọ́n títí yóò fi mọ̀ pé wọn ò wọ́, pé wọn ò lè ṣẹ́ lójú mi, kó tó gbé wọn fún mi. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé ọrun atúpalẹ̀ náà wá sí pápá, Kápẹ́ńtà gbá itan ara rẹ̀.

"Ẹ wá wò ó o," ó ní. "Igi-Kan ti di Igi-Mẹ́ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀." Ó sì tafà tirẹ̀. Ó ṣìnà pátápátá, nítorí ọrun náà rọ̀ ju èyí tó mọ́ ọn lára lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí apá mi ń gbọ̀n, kò sẹ́ni tó wò mí rárá.

Díẹ̀díẹ̀ la ń gòkè. Nígbà tí ikú fi dé, a ti ra apá, méjì méjì, nígbà mẹ́rin: ẹ̀kẹta ló wà lára ọrun mi. Ẹ̀kẹrin wà lára tirẹ̀, ó sì ti sọ fún mi pé kò ní í pẹ́ kàn mí. Mo ń retí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń retí súẹ́tà rẹ̀ nígbà èwe, tí mo máa ń fi ojú wọn gígùn ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Àṣà wa ni pé bí ọ̀kan nínú wa bá kú, a ó gbé ọrun tó lò gbẹ̀yìn kọ́ ara ògiri yàrá ẹgbẹ́, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀. A kì í nù ún, a kì í tún un ṣe, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Kápẹ́ńtà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọrun igi rẹ̀ ni ká gbé kọ́. Ọkùnrin yẹn lo igi kan títí irun rẹ̀ fi funfun. Ṣé nítorí ìgbà díẹ̀ tó fi ṣàánú àbúrò rẹ̀ la ó ṣe gbé bóòtì kọ́ ògiri?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ olórí wa, wò ó láti òkè ìgò ojú rẹ̀. "Kápẹ́ńtà, nínú gbogbo àga tí o ti kàn láyé rẹ, èwo ló jẹ́ igi kan?"

"Àga kì í tafà, mà."

"Ìgbọ̀nwọ́ tìrẹ náà ò ta á mọ́. Láti ìgbà òjò lo ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí o ní oorun ló ń kùn ọ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kápẹ́ńtà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì kó ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

"Èyí tó lò gbẹ̀yìn ni àṣà wí," Ìyá Nọ́ọ̀sì parí ọ̀rọ̀. "Bóòtì o, ìṣó o. Akọ̀wé, ìwọ ni kí o lọ gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, lódindi."

Mo ní mo ti gbọ́, mà. Kí ni mo tún lè sọ? Bí wọ́n bá gbé ọrun náà kọ́ lódindi, apá kẹrin bá a lọ nìyẹn, èyí tó ti ń tọ́jú kó tó kàn mí. Ara ògiri ni yóò wà, èmi yóò sì máa wò ó ní gbogbo ọjọ́ Sátidé bí ẹni tó ń wo oúnjẹ láti ojú fèrèsé. Owó lè ra irú rẹ̀. Kò lè ra èyí tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti dán wò. Ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ ibojì rẹ̀ ò tíì gbẹ. Bí mo bá la ẹnu, wọ́n á ní mo ti ń pín ogún.

Mo lọ sílé wọn. Wáyà rẹ̀ ṣì wà ní kíká lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pupa lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Ìyàwó wa gbé àpò ọrun náà wá, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì jókòó tì mí. Nígbà tí mo tú u, ìdìmú nìkan ló wà níbẹ̀.

"Apá rẹ̀ dà?" mo bi í.

Ó na ọwọ́ sí orí pẹpẹ, ó gbé àpò ìrọ̀rí kan tí wọ́n fi okùn wáyà so lẹ́nu. "Ó tú u lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó lọ, lórí tábìlì yìí. Ó ní tiyín ti yá. Mo ní òun náà ńkọ́, kí ló máa lò ní Sátidé? Ó ní òun ò tíì ra òmíràn, pé òun á jókòó ná, òun á máa wò yín."

Mo gbá àpò ìrọ̀rí náà mọ́ àyà. Ó jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí ẹgbẹ́ wí fún un, pé lódindi ni wọ́n fẹ́ ẹ, pé màá dè é padà kí n tó gbé e lọ.

"Báwo ni wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an?" ó bèèrè.

"Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀."

"Ọwọ́ ta ló tú u?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni."

"Ta ló ti fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìyẹn?"

"Kò sí."

"Bó ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn, ọkọ mi. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn." Ó wo ojú mi. "Ẹ ò ní í lè sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín, ẹ̀yin ni ẹ máa ń bá ẹni tó tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ tọrọ àforíjì. Ní Sátidé, ẹ yà mú mi."

Ó bá mi lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìdìmú náà sórí tábìlì níwájú gbogbo wọn, ó sì sọ bó ṣe jẹ́, láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀.

Kápẹ́ńtà tẹ̀ síwájú. "Ìyàwó wa, ẹ má bínú o. Ọrun tí kò lápá, kí là ń pè é?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé ìdìmú náà, ó fi ọwọ́ dì í mú. Awọ tó wà lára ìdìmú náà ti dúdú níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n mi máa ń wà, ó sì ti jìn díẹ̀ níbi àtàǹpàkò. Ó gbé e fún Kápẹ́ńtà. Kápẹ́ńtà náà dì í mú. Ó pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbí," Ìyá Nọ́ọ̀sì wí. "Apá ti di ẹ̀bùn. A ò lè gba ohun tí òkú ti fi tọrẹ."

"Bí àlejò bá wá bèèrè pé níbo ni apá rẹ̀ wà ńkọ́?" Kápẹ́ńtà ṣì ń jà, ṣùgbọ́n ó ti ń wá ìṣó nínú àpò rẹ̀.

"Ẹ ní ó lọ síbi iṣẹ́," ìyàwó wa dáhùn.

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí fóònù ti dún. Ẹ̀rín náà bá mi lójijì, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn, mo kí Ọlọ́run kú iṣẹ́. Kápẹ́ńtà kan ìṣó náà mọ́ ògiri, ó wọn ọ̀gangan rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń kan pẹpẹ ilé ìjọsìn, a sì gbé ìdìmú kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà a jáde sí pápá. Mo yọ apá kẹta kúrò, mo fi ẹ̀kẹrin sí i, mo yí bóòtì rẹ̀ títí ó fi jókòó, mo fi ọsán kọ́ ọ. Ó le. Èjìká mi mọ̀ pé ó le, ṣùgbọ́n kò kọ̀ ọ́. Mo fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo dá a dúró, mo sì jẹ́ kó lọ. Ọfà náà ò bọ́ sí àárín. Ó bọ́ sára bébà náà, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti ní, "A dúpẹ́, kò pa ẹnikẹ́ni."

Kápẹ́ńtà wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọrun igi rẹ̀ fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìní ọsán, ó sì ń fi ọwọ́ òsì ra ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún. Mo fi apá kẹta sínú àpò ìrọ̀rí náà, mo sì lọ jókòó tì í.

"Kí lèyí?" ó bèèrè.

"Ẹ wò ó, bọ̀dá. Ó rọ̀ díẹ̀. Kò wọ́."

"Èmi ò ní ìdìmú."

"Kápẹ́ńtà ni yín."

Ó ń wo pápá níbi tí àwọn yòókù ti ń lọ fa ọfà wọn yọ. "N ò sọ pé ọrun ni mo pè é o," ó ní.

"Mo mọ̀, bọ̀dá."

Mo tú ẹnu àpò ìrọ̀rí náà, mo sì gbé àwọn apá náà lé e lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.