Àkámọ́ Tó Ṣófo

Kí bàbá tó kú, ó ti to gbogbo ẹbí sínú kọ̀ǹpútà: àmì àkámọ́ nínú àkámọ́, àwọn ọmọ nínú òbí wọn, bí yàrá tó wà nínú yàrá. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó jogún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, fẹ́ kí gbogbo orúkọ wọn wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ó kọ ètò kọ̀ǹpútà fún un: bó bá rí orúkọ, kó mú un jáde, bó bá rí àkámọ́, kó wọ inú rẹ̀ lọ wá orúkọ.

Ètò náà ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Ọmọbìnrin náà pe ìyá rẹ̀ wá wò ó.

Ìyá fi ìka tọ́ka sí àárín orúkọ ọmọbìnrin náà àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Àkámọ́ kan wà níbí tẹ́lẹ̀.”

“Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, Màmá. Ètò náà wọlé, kò bá ẹnì kankan, ló bá jáde. Mo rò pé àṣìṣe Bàbá ni.”

“Bàbá yín ò ṣàṣìṣe. Ọmọ tó ṣáájú ẹ ló wà níbẹ̀. Kò dúró gba orúkọ.”

Ọmọbìnrin náà rántí yàrá ẹ̀yìn ilé wọn. Látìgbà tó ti gbọ́njú ni yàrá náà ti ṣófo, síbẹ̀ ìyá rẹ̀ kì í wọ̀ ọ́ lọ gbálẹ̀ láìkọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Àìmọye ìgbà ló ti fi ṣe ìyá rẹ̀ ní yẹ̀yẹ́.

Ó dá àkámọ́ náà padà sáàyè rẹ̀, ó pa kọ̀ǹpútà. Bó ṣe ń kọjá níwájú yàrá ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ ṣàdédé gbéra, ó kan ilẹ̀kùn. Kò dúró gbọ́ bóyá ẹnikẹ́ni á dáhùn.