Sámáńsì fún Ẹni Tí Kì Í Sí Nílé

Ó lé lọ́dún kan tí Dúrójayé, bélífù kóòtù ní Enugu, ti ń gbé sámáńsì kan ṣoṣo kiri. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà onírọ́bà ní Emene ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ló gé ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nwakaego. Kí egbò ọ̀hún tó jiná, wọ́n ti ní kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ọmọ tó ń tọ́jú owó kó lè lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, kí ni yóò wá fi di abẹ́rẹ́ mú?

Nígbà tí Dúrójayé kọ́kọ́ dé Emene, wọ́n ti yọ pátákó orúkọ kúrò lẹ́nu géètì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ń ké nínú ọgbà. Máígádì ní wọ́n ti kó lọ sí Abakpa. Ṣọ́ọ̀bù tó júwe ní Abakpa, onídìrí ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí Dúrójayé fi máa padà sí Emene, wọ́n ti kọ orúkọ mìíràn sára ògiri, ọ̀dà rẹ̀ ò sì tíì gbẹ. Orúkọ Ọláògún tó ni ilé-iṣẹ́ wà nínú ìwé, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ibi tó ń gbé. Ìwà ọ̀dájú gbáà ni.

Adájọ́ ti fi ọjọ́ kún ọjọ́ sámáńsì náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní òun ò ní fi kún un mọ́. Tí ọjọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀ bá kọjá tí kò tíì tẹ ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ẹjọ́ Nwakaego ti parí nìyẹn.

Lọ́sàn-án Sátidé, Afọlábí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí i. Akọ̀wé rélùwéè ni Afọlábí, òun ló sì ń tẹ ìwé ètò ìsìn fún ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọláògún lẹ́nu Dúrójayé títí ó fi sú u, ló bá mú ìwé ọjọ́ kejì dání. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé Ọ̀gbẹ́ni Ọláògún, olùdarí ilé-iṣẹ́ bàtà, yóò dúpẹ́ fún ilé tuntun ní Trans-Ekulu, àti pé ewu kankan kò wu òṣìṣẹ́ òun. Nọ́ńbà ilé wà nísàlẹ̀, kí ìjọ lè wá bá a jẹun. Ọkùnrin tó ń sá fún kóòtù ò lè ṣílé kó má pe ṣọ́ọ̀ṣì.

Dúrójayé ka ibi tí wọ́n kọ ewu kankan sí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ìsìn parí, ó bá Ọláògún níta, ó sì sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ọláògún rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i.

"Mú un wá, àbúrò. Mo ti ṣe tán."

Dúrójayé ti ki ọwọ́ bọ àpò kó tó rántí. Sámáńsì tí wọ́n bá fúnni lọ́jọ́ Ìsinmi, òtúbáńtẹ́ ni lójú òfin, Ọláògún sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yọ ọwọ́ jáde lófo, ó kí i kú ìdúpẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì, omijé ìbínú ń bọ́ lójú rẹ̀.

Aago mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nígbà tó dé Trans-Ekulu. Ọláògún ń nu mọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí Dúrójayé rí, ó ní ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ti rìnrìn àjò, àbúrò rẹ̀ lòun. Dúrójayé na ìwé ètò ìsìn sí i. Ni ọkùnrin náà bá yí ohùn padà, ó ní ṣebí ọmọ Yorùbá kan náà làwọn, kí ló kan Dúrójayé kan ọmọ Emene?

Dúrójayé gbé sámáńsì náà sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí òfin gbà á láyè bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá kọ̀ ọ́.

"Nwakaego lorúkọ ẹ̀," ó ní. "Ìgbà míì tí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ẹ dárúkọ ẹ̀ fún Ọlọ́run, kí ẹ sì sọ iye ìka tó kù sí i lọ́wọ́."

Ọláògún ò bẹ̀rẹ̀ mú un. Oyèbísí, ìyàwó rẹ̀, tó ti ń gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà, ló jáde wá ṣà á nílẹ̀. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè.

"Bàbá Bọ́lá, ta ni Nwakaego?"

Ó yẹ kí Dúrójayé ti máa lọ sí kóòtù, àmọ́ ó dúró kó lè gbọ́ èsì.